Ògbifọ̀ Ìyá Ológógóró

"Bi í," ni adájọ́ wí, "ṣé òun ló ń ta ògógóró tí òfin kà léèwọ̀ lẹ́bàá Liverpool Road?"

Ògbifọ̀ yí i sí èdè Àńdónì, èdè àwọn apẹja etí òkun ní Ìlà-Oòrùn. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ni. Láàárọ̀ yẹn ni ọlọ́pàá wá a kàn ní Àpápá, torí ìyá arúgbó náà mirí sí Gẹ̀ẹ́sì, ó mirí sí Yorùbá, òfin tí òmìnira gbé wá sì ní ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ojú ìyá náà tàn. "Ọmọ ta ni ọ́ nílé? Ṣé ẹja ṣì ń wọ odò wa?"

Ògbifọ̀ kò rántí ìgbà tí òun náà gbọ́ èdè yìí kẹ́yìn. Ó dá a lóhùn.

"Kí ló wí?" ni adájọ́ bi í.

"Ó ń kí kóòtù, Olúwa mi."

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀ kí ìyá náà tó jẹ́wọ́ pé òun ló ń tà á. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó ní kó máa lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ògbifọ̀ bá a níbi tó ti ń bá oníbúrẹ́dì dúnàádúrà, tí Yorùbá Ajégúnlẹ̀ ń já geere lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ látìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ tiwa." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí wọ́n bá tún mú mi, ṣé ìwọ náà ni wọ́n á pè?"