Òkè Tí Dókítà Ní Kí Wọ́n Gùn

Lọ́jọ́ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ forúkọ oyún sílẹ̀ nílé ìwòsàn, Màmá bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó bá a lọ. Aránṣọ ni Màmá, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ti gbéyàwó fún ọdún mẹ́fà kí oyún yìí tó dé. Ohun tí Màmá ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí òun fi ẹ̀yìn ara òun pọn ọmọ-ọmọ òun.

Nọ́ọ̀sì kan ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá so apá gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì ń kọ orúkọ àti ọjọ́ orí wọn sílẹ̀. Ó so apá ìyàwó, ó so ti Màmá náà.

"Èmi kọ́ ni mo lóyún o," Màmá sọ fún un, gbogbo bẹ́ńṣì sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fi máa pè wọ́n, Màmá ti jáde lọ ra ẹ̀pà. Ìyàwó nìkan ló wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ká ìwé kan sínú báàgì, ó gba ẹ̀pà oníyọ̀ náà lọ́wọ́ Màmá, ó fi òun náà síbẹ̀. Màmá kò tún fojú kan ẹ̀pà náà mọ́.

"Kí ni dókítà wí?"

"Oyún ń ṣe dáadáa, Màmá. Ó ní kí iyọ̀ kúrò nínú ìkòkò wa. Kí ìjókòó dín kù, kí rírìn pọ̀ sí i. Tó bá di Sátidé, kí á gun òkè ẹ̀yìn odò yẹn, díẹ̀díẹ̀."

"Kí á gun kí ni?"

"Òkè, Màmá."

"Irú dókítà wo nìyẹn? Ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Ó wà nínú ìwé. Ṣé kí n kà á fún yín?"

Màmá kì í ka ìwé ilé ìwòsàn sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú nírọ̀lẹ́, á ní àgbà ló dé. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, á tún ní àgbà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ lèyí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó gbé agolo iyọ̀ tó wà nílé, ó fi ta aládùúgbò lọ́rẹ.

Ọmọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì fajú ro. "Ta ló lóyún gan-an nínú ilé yìí?"

"Iyọ̀ àbí ọmọ," Màmá ní, "èwo lo fẹ́?"

Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Màmá tẹ̀ lé ìyàwó lọ sórí òkè láti máa ṣọ́ ọ. Wọn kò tíì kọjá igi àkọ́kọ́ tí ìyàwó fi jókòó. "Ó ti rẹ̀ mí, Màmá." Màmá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò bá a jiyàn rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n dé igi kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un.

"Èémí yín ńkọ́, Màmá?" ni ìyàwó máa ń bi í lójú ọ̀nà.

"Tìẹ ni kó o máa bójú tó."

Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á jókòó létí odò. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ yíyà ló fẹ́ràn jù. Gbogbo ẹyẹ tó bá rí, inú ìwé kékeré kan ló ń yà wọ́n sí. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ kò yé Màmá. Ìwọ̀ ló sọ sódò. Ẹja àkọ́kọ́ tó mú kò ju àtàǹpàkò lọ, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti gbọ́ nípa ẹja tó tó apá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, ìyàwó jókòó sétí odò, kò dìde.

"Màmá, mi ò lè gùn ún mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ò gbọdọ̀ yẹ ohun tí dókítà wí."

Màmá wo òkè, ó wo ikùn. "Ṣé ẹlòmíì lè bá ẹ gùn ún?"

"Ìwé náà ò lòdì sí i."

Màmá ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó so ìró rẹ̀ le, ó gun òkè náà dé ṣóńṣó, ó sì já ewé kan bọ̀ láti fi ṣẹ̀rí. Ní Sátidé mẹ́fà, ewé mẹ́fà ni ìyàwó fi sáàárín ìwé ẹyẹ rẹ̀.

Ọmọbìnrin ni ó bí, wẹ́rẹ́, lọ́jọ́ Wẹ́sídé kan.

Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, Màmá pọ̀n ọ́n lọ sórí òkè. Kò dúró nídìí igi kankan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, kò mí hẹlẹhẹlẹ, orin ló sì ń kọ dé òkè. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó, ó gbé ọmọ sítan, ó fi awò ojú tó fi ń rán aṣọ sójú, ó sì ṣí ìwé ẹyẹ ìyàwó tó mú dání láti fi àwòrán hàn án. Ìwé dókítà bọ́ jáde láàárín àwọn ewé. Màmá ní kí òun kúkú kà á, kí òun lè ṣàdúrà fún ọlọ́gbọ́n dókítà náà. Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀: iyọ̀, ìjókòó, rírìn, òkè, díẹ̀díẹ̀.

Orúkọ tó wà lórí ìwé náà ni ti Màmá fúnra rẹ̀, ọjọ́ orí tí wọ́n sì kọ tẹ̀ lé e ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.