Ọkàn Kan ní Ekete

"Ọkùnrin yẹn ò tíì gbọ́?"

"Kò tíì gbọ́, Bàbá."

"Oṣù mélòó nìyí?"

"Oṣù mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni, mi ò bá ti ní kí ẹ jù ú sódò."

Bàbá Akínsànmí bu ẹja sí i fún àwọn ọmọ méjèèjì. Ọjọ́ Sátidé ni, òkèlè púpurú sì wà lórí tábìlì bó ṣe máa ń wà ní gbogbo Sátidé. Effurun lẹ́bàá Warri ni Ìlérí àti Ọlámigòkè ti ń kàwé. Wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Ekete nítòsí ibẹ̀, wọ́n á bá bàbá náà ka Bíbélì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. Ará Ìlàjẹ ni Bàbá Akínsànmí. Ogójì ọdún ló fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ó gbà pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run ṣẹ́ kù fún òun nìyí: kí òun máa bọ́ àwọn ọmọ tó ń wàásù fún ẹgbẹ́ wọn nílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ wọn dákẹ́, òun ló tún un ṣe.

Ìlérí ló ṣàlàyé ìlànà ẹgbẹ́ náà fún un. Ọkàn kan ni wọ́n máa ń gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì lọ́wọ́. Wọ́n á máa gbàdúrà fún onítọ̀hún, wọ́n á máa gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú, títí yóò fi yí padà. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dìgbà náà. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ èyí ni Bàbá náà ti ń bá wọn gbààwẹ̀ Ọjọ́rú. Ó máa ń gbàdúrà kíkan-kíkan pé kí Ọlọ́run fọ́ agídí ọkùnrin náà.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń wádìí ẹni tó jẹ́. Àgbàlagbà ni. Ekete níbí ló ń gbé. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ.

"Kí wá ló ṣe é?" ló bi wọ́n ní Sátidé kan.

"Òun àti aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá ara wọn yodì, Bàbá," ni Ìlérí wí.

Bàbá Akínsànmí wo ògiri tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Dúrótoyè, aládùúgbò rẹ̀.

Iléeṣẹ́ epo kan ló gbé Dúrótoyè wá láti Èkó, ó fẹ̀yìn tì, kò sì padà mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló rọ́ yanrìn kún àgbàlá rẹ̀. Òjò rọ̀, omi tó yẹ kó dúró lọ́dọ̀ tirẹ̀ ya wọ yàrá Bàbá Akínsànmí, ó sì ba gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ jẹ́. Ẹyọ kan kò kù. Láti ìgbà náà, ẹnì kan kò kí ẹnì kan.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ dárúkọ o," ni Bàbá wí, ó sì fi àgbọ̀n júwe ògiri náà.

"Baba, we no fit talk am," ni Ọlámigòkè fèsì. Warri ni wọ́n ti bí i. Ó ń gbọ́ Yorùbá, kì í fi í dáhùn.

"Mo ti gbọ́ tèmi."

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, Ìlérí ò jẹun. Ó ní lọ́jọ́ Ajé ni òun ń lọ sìnrú ìlú ní Sókótó. Ọkàn kan ṣoṣo tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́ láti ìgbà tí òun ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nìyí, òun yóò sì fi í sílẹ̀ bí òun ṣe bá a.

"Kí ló kù kó tó gbọ́?"

"Kí wọ́n ṣáà kíra wọn, Bàbá. Ìyẹn náà ni."

Bàbá Akínsànmí wo púpurú tó ń tutù níwájú rẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó dé fìlà, ó jáde.

Dúrótoyè ń fi rọ́bà bomi rin òdòdó nígbà tó bá a. Bàbá Akínsànmí dúró lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàsán."

Omi ń dà sórí bàtà Dúrótoyè, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó kí i padà, ó ní ìgbà tí ọdún ti yípo ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa fọ́tò wọ̀nyẹn, pé ojú ló ń ti òun láti ìgbà náà.

"Omi ni," ni Bàbá Akínsànmí wí. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

Kò gbèrò láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú òun.

Àwọn ọmọ méjèèjì wà lórí ìdúró nígbà tó padà dé.

"Ó ti gbọ́," ni Bàbá wí.

"Ta ló kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?" ni Ìlérí béèrè.

"Èmi ni."

Ìlérí fi ọwọ́ bojú, ó sunkún. Ọlámigòkè ní, "God don do am," ó sì jókòó pàà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá Akínsànmí rọra ṣàlàyé fún wọn pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fẹ́ àgbà, pé tí wọ́n bá tún gbé ọlọ́kàn líle lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tètè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n jẹun tán, ó sì sìn wọ́n dé ojú títì.

"Ẹ padà, Bàbá, ẹ ti ṣe é," ni Ìlérí wí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára géètì Dúrótoyè, "a fẹ́ yà sọ fún Bàbá Dúrótoyè pé Ọlọ́run ti dáhùn, torí àwọn fúnra wọn ló mú orúkọ yín wá fún ẹgbẹ́ wa lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn."