Ilà Ojú Táyà

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, onítáyà ń fi ọ̀bẹ gbígbóná kọlà sójú táyà kan tó ti pá bí orí arúgbó, kó lè tà á bíi tuntun. Ohùn ìyàwó rẹ̀ dún níwájú.

"Bàbá Ìbejì, a ti ń lọ o."

Ó yọjú. Ìyàwó àtàwọn ìbejì ti wà nínú takisí, awakọ̀ ti ṣáná sí i. Ojú onítáyà bọ́ sára táyà iwájú takisí náà. Ta ni kì í mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Táyà yẹn lè bẹ́ lójú ọ̀nà."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ọwọ́ yín náà ni mo ti rà á lánàá. Ẹ ní tuntun ni."

Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù yíjú sí wọn. Takisí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Onítáyà sáré dábùú ọ̀nà.

"Irọ́ ni mo pa. Ọ̀bẹ ni mo fi kọ ilà yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, kò wò ó lójú. Onítáyà bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Àwọn oníbàárà ti lóṣòó, oníkálukú ń fi àtàǹpàkò wá àpá ọ̀bẹ lára táyà ọkọ̀ tirẹ̀.