Ìlẹ̀kẹ̀ Oníwúrà

Ìyá Oníìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdí ọmọ tí a lè fi ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ sí. Wọn ò ju iyanrìn lọ. Baba rẹ̀ ló fi ike ṣe wọ́n, tó ki wúrà bíńtín sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wà nínú òróró tí kò lóòórùn, tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wúrà á mú kí òróró gba afẹ́fẹ́ sára, á sì di lọ́fínńdà. Lẹ́yìn náà, a ó sẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un lò. Baba búra pé wúrà náà kì í kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ láéláé. Ìbúra yẹn ló gbé orúkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó kó ogún fún ọmọ: ìgò kékeré kan tí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó kù wà nínú rẹ̀, asẹ́, àti òòfà tó ń yí nísàlẹ̀ òróró láti rò ó. Ara òòfà náà ti kún fún àpá, ó ti pọ́n bí eyín amutábà.

Oníyèméjì, ọ̀gá yàrá kejì, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkùnrin yìí, bí o bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn. Ó ní irọ́ ni iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ọ̀gá àgbà wá pàṣẹ pé bí ìlẹ̀kẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ níwájú Oníyèméjì, òun á ti yàrá Ìyá Oníìlẹ̀kẹ̀ pa, òun á sì yọ orúkọ baba.

Ìyá Oníìlẹ̀kẹ̀ gbé ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí yàrá Oníyèméjì, ó gbé òróró lọ. Oníyèméjì ju òòfà tirẹ̀ sí i, funfun bí eyín ọmọdé. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Oníyèméjì fimú sí i. “Àbúrò mi, òróró wọlé, òróró náà ló jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.”

“Kí ni kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń dá wò ó?”

Ìyá Oníìlẹ̀kẹ̀ sẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dà á padà sínú ìgò kékeré, ó fi í sápò, ó sì lọ. Ní yàrá rẹ̀, omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa. Ó bu òróró, ó ju òòfà baba rẹ̀ sí i, ó tan ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Nílé, baba rẹ̀ gbórí sókè lórí ibùsùn, ó bi í bóyá wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Wọ́n gbọ́ ọ, sà.”

“Ìlẹ̀kẹ̀ mi ò lè dójú tì ọ́,” ni baba wí, ó sì sùn.

Láàárọ̀, ọ̀gá àgbà mú àgádágodo dání, Oníyèméjì ń tẹ̀ lé e. Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn dídùn fi pàdé wọn. Ọ̀gá àgbà fi àgádágodo sápò. Oníyèméjì ṣí fìlà, ó ní òun jẹ̀bi, ó ní kí wọ́n bá òun kí baba.

Ìyá Oníìlẹ̀kẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó kiwọ́ bọ àpò láti wá áńkáṣíìfù, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ìgò kékeré, tí ìlẹ̀kẹ̀ àná wà nínú rẹ̀ láìku ẹyọ kan, nígbà tí òòfà baba rẹ̀, tí wúrà ìlẹ̀kẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àpá ara rẹ̀, ń dá yí nínú òróró tó ń ta sánsán.