Bàtà Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Dókítà Eyín

"Títí òtútù ọdún yìí á fi kásẹ̀ nílẹ̀, ẹrẹ̀ kankan ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà mi. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Orí àga onígbàjámọ̀ ni Ewan Geddes ti sọ ọ́, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀ bí ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́. Kó tó wọlé, ó ti kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níta, nítorí bàtà rọ́bà ẹnì kan wà lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà tí oníbàtà jáde tó wọ bàtà rẹ̀ lọ ni Ewan bọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, tó sì wọlé. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: bí bàtà bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ṣì wà nínú ilé, má já lù ú.

"Ẹrẹ̀ Southland níbí? Nínú oṣù keje, ní àárín gbùngbùn òtútù?" Tipene onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ewan, o ti mutí láàárọ̀ yìí ni?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ìtọ́jú eyín lèmi ń tún ṣe, kì í ṣe ibi tí irun ti ń bá irun ṣeré nílẹ̀."

"Rántí pé orí rẹ wà lọ́wọ́ mi o." Tipene gbé abẹ sókè kó rí i.

Ọ̀rọ̀ ilé eyín náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Dókítà Meredith sì ń ti ìlú ńlá wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ti ní bí nǹkan ò bá lọ déédéé lásìkò òtútù yìí, àwọn á gbé dókítà kúrò. Bí wọ́n bá gbé e, kí ẹni tí eyín ń dùn máa wa ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá lórí yìnyín, kí Ewan sì lọ máa fi mọ́ọ̀pù rẹ̀ lé ológbò.

Ní tirẹ̀, ẹrẹ̀ ni ọ̀tá. Ní ilé ara wọn àti lọ́dọ̀ Tipene, àwọn àgbẹ̀ ń bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ dókítà, ojú ń tì wọ́n láti fi ihò ìbọ̀sẹ̀ han èèyàn, wọ́n á sì fi ìgbẹ́ màlúù wọlé bá ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín.

Ní ọjọ́ Ajé, Ewan gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ àtijọ́ wá, ẹrẹ̀ gbígbẹ dé ọrùn rẹ̀. Ó tò ó sórí àtẹ̀gùn iwájú, ó wá wọ sálúbàtà, ó gba ẹ̀yìn wọlé.

Ngaire, tó ń gba àwọn aláìsàn sílé, yọjú wò ó. "Ti ta nìyẹn?"

"Tèmi. Àpẹẹrẹ ni. Bí àgùntàn kan bá fo ọgbà, àwọn yòókù á fò."

"Gbé àpẹẹrẹ rẹ jìnnà sí fèrèsé, ó ń rùn."

Ó fi oògùn apakòkòrò nu ilẹ̀, ó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó nu ohun ìṣeré àwọn ọmọdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ikọ́ ti gba ìlú kan. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ilẹ̀ ṣì ń dán. Níwájú, ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èéfín ń jáde nídìí wọn. Ewan gbà pé ọjà àgùntàn tó wà lódìkejì ni wọ́n wá ná.

Lọ́jọ́rú, ilẹ̀ náà ò ní àbàwọ́n kankan. Ẹ̀rún páì ẹran bọ́ lọ́wọ́ Ewan, ó ṣa á nílẹ̀, ó jẹ ẹ́.

"Ṣé ẹ rí i, Dókítà?"

"Mo rí i," ni Meredith wí. Ó ń ka ìwé ìròyìn lórí àga aláìsàn. "Ta ló kàn, Ngaire?"

"Kò sẹ́ni tó wá." Ngaire gbé fóònù sílẹ̀. "Wattie Sinclair ní òun wá, pé ẹ ní èèyàn lọ́wọ́. Ìyàwó Pirie náà ní òun wá, pé ẹ ní èèyàn lọ́wọ́. Irọ́ kan náà! Àfi bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti jọ kọ́ ọ."

"Ẹ̀rọ yín ló ń bà wọ́n lẹ́rù," ni Ewan wí, ó tún nu ibi tó ti nù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan tó wọ bàtà dúdú dídán dé láti ìlú ńlá, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ló rán an. Ó wo ilẹ̀. Ó wo àga tó ṣófo.

"Ta ló ń tún ibí ṣe?"

"Èmi ni, sà."

"Ó mọ́. Irú èyí ni mo máa ń rí níbi tí a bá fẹ́ tì pa." Ó jókòó láti kọ ohun tó rí.

Ewan mú ìgbálẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó yí wá síwájú kó lè gbá yìnyín. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọjà àgùntàn sì wà ní títì gbọn-in. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, Wattie Sinclair jókòó, ó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí búrẹ́dì.

Ewan kan gíláàsì. "Wattie, kí lò ń dúró dè níbí?"

Wattie rọra sọ gíláàsì kalẹ̀, ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn. "Oníbàtà yẹn ni. Ọjọ́ Ajé ló ti wà lórí àga, a ò sì fẹ́ já lù ú. Jọ̀ọ́, eyín mélòó tiẹ̀ ni ọkùnrin náà ní lẹ́nu?"

Ewan gbé bàtà náà kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó há a sábẹ́ abíyá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún, òun ló sì di ilẹ̀kùn mú fún wọn.