Ọjọ́ Kan Náà fún Gbogbo Ẹgbẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni káfíńtà ti du ipò kánsẹ́lọ̀ nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì fìdí rẹmi. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ní wọ́ọ̀dù wọn, ẹni tó bá ti mọ orin ẹgbẹ́ kọ, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni, kò sẹ́ni tó ń béèrè káàdì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì á kọ́ orin wọn, wọ́n á ya dé, wọ́n á sì tò sẹ́yìn ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò, kó lè rọrùn fún wọn láti nà án nígbà ìbò gangan.

Káfíńtà náà kì í káwọ́ gbera. Bó bá di ọjọ́ ti ẹgbẹ́ kejì, á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ kọrin wọn ní àkọyè, wọ́n á bá wọn yan ẹni tó gọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń rín wọlé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Káfíńtà ń fá ẹsẹ̀ tábìlì kan lọ́wọ́ nígbà tó wọlé wá bá a.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n ní ìjọba ń wá èrò aráàlú. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ máa ṣe ìbò abẹ́lé wọn lọ́jọ́ kan náà, jákèjádò orílẹ̀-èdè."

"Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún mi?"

"Ẹ rò ó wò ná. Bí ọjọ́ bá ti jẹ́ ọ̀kan, ta ló máa ráyè kúrò nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ lọ da ti ẹlòmíì rú?"

Káfíńtà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, orí ẹ pé jọjọ! Àwọn oníṣẹ́ ibi yẹn ò ní lè wá mọ́ nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó máa lè lọ síbì kankan," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bu omi fún un mu.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba dé sí gbọ̀ngàn àdúgbò, tísà àgbà kan ló kọ́kọ́ ta ko ọ̀rọ̀ náà.

"Ilé ìwé kan ṣoṣo la ní níbí," ló wí. "Níbo la fẹ́ kó ẹgbẹ́ méjì sí lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́? Ṣé wọ́n á la ara wọn sí méjì ni?"

Káfíńtà dìde. "Tísà, mo kí yín o. Bí àpèjẹ méjì bá bọ́ sí wákàtí kan náà, mo-gbọ́-mo-yà ò lè jẹ níbi méjèèjì. Ní ti àyè, pápá ilé ìwé ní ògiri lápá ọ̀tún, ó ní lápá òsì. Kí kálukú mú ọ̀kan."

Gbọ̀ngàn gba ẹ̀rín. Tísà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó káfíńtà ló pàtẹ́wọ́ jù.

Kò pẹ́ tí òfin fi jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń rọ́ wá sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bí káfíńtà bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́, ẹ̀rín á sì bẹ́. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìbímọ ni, kì í sì í dúró.

"Ìwọ tí o ń wọ ilé gbogbo èèyàn," ló bi ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ta ni ẹgbẹ́ kejì fẹ́ fà kalẹ̀?"

"Wọ́n ní ó di àárọ̀ ọjọ́ ìbò káwọn tó dárúkọ ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fowó fa ojú ẹ̀ mọ́ra."

"Ẹni yòówù kó jẹ́, màá nà án bíi bàrà."

Ikọ́ mú ìyàwó rẹ̀. "Ẹ máa rọra o, Bàbá Ìbejì."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò abẹ́lé, ìyàwó ló kọ́kọ́ múra. Bàtà tuntun ló wọ̀.

"Ta ló tún ń rọbí lónìí?"

"Iṣẹ́ kan ló ń dúró dè mí."

Ó dun káfíńtà pé kò ní sí níbẹ̀ láti wo òun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. "Ọlọ́run á jẹ́ kó já sí ayọ̀," ló wí.

"Àmín o! Ẹ̀yin náà á borí."

Ní àdúgbò wọn, ẹni tó ń du ipò kì í wo ẹ̀yìn. Á kọjú sí ògiri, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, àwọn tó fẹ́ ẹ á sì tò sẹ́yìn rẹ̀, kó má baà mọ ẹni tí kò tẹ̀ lé e kó wá dì í sínú. Ní kété tí káfíńtà dé, ògiri ọ̀tún ló lọ kọjú sí. Ó ń gbọ́ ariwo ẹgbẹ́ kejì láti apá òsì, ariwo náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti ọ̀dọ̀ wọn sọdá wá. Nígbà tó yá, alága ẹgbẹ́ gbá a léjìká.

"O wọlé! Yíjú padà, kóo rí àwọn èèyàn ẹ!"

Ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn dé ẹnu géètì. Káfíńtà bú sẹ́kún ayọ̀. Ó dì mọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó dì mọ́ ẹni kejì, ó fò sókè bí ọmọdé.

Ní ògiri òsì náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ẹni tiwọn léjìká pé ó wọlé ni, káfíńtà sì nu ojú rẹ̀ kó lè rí ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa du ipò náà dáadáa, bí onítọ̀hún ti ń yọ ọwọ́ lára ògiri, tó ń yíjú padà díẹ̀díẹ̀, tó sì jẹ́ Ìyá Ìbejì.