Fọ́ọ̀mù Kẹẹ̀ẹ́dógún

Nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, alábòójútó kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Aago. Kì í pẹ́ débi iṣẹ́, kì í sì í kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Láti ọdún mọ́kànlá, kò mọ bí oòrùn aago mẹ́rin ṣe ń rí ládùúgbò ara rẹ̀.

Òfin tuntun dé: òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lè máa lọ sílé láago mẹ́ta, bó bá ti parí iye tí wọ́n ní kó rán. Obìnrin mẹ́rìnlá kọ fọ́ọ̀mù, Ọ̀gá Aago sì buwọ́ lù ú láìgbójú sókè. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló gbé ojú rẹ̀ sókè. Ọkùnrin tó ń rán kọ́là ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́.

Ó ránṣẹ́ pè é.

"Ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà, sà. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé."

Ọ̀gá Aago tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Gbọ́, àbúrò. Èmi náà bí méjì. Nọ́ọ̀sì nìyàwó mi, alẹ́ ló ń dé. Ṣé o rí mi kí n sáré lọ wẹ ọmọ rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ebi wá pa wọ́n?"

"Ebi ò lè pa wọ́n, sà. Ta ló ń bá yín mójú tó wọn?"

"Ìyàwó mi ti ṣètò ẹ̀. Ohun tí obìnrin wà fún nìyẹn."

"Ètò náà dáa, sà," ni ọkùnrin náà wí, tọkàntọkàn.

"Tí mi ò bá wá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Màá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, sà. Ọmọ ò ṣe é tì mọ́lé."

Òfin lòfin, Ọ̀gá Aago fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ọkùnrin yìí ti di Ìyá Kọ́là. Bí aago mẹ́ta bá ti lù, obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì á ní, "Ìyá Kọ́là, ọmọ ń ké o."

"Mo ti ń gbọ́ ọ, ẹgbẹ́ mi," lòun náà á fi dá a lóhùn.

Ọ̀gá Aago kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tó bá ń fi wákàtí náà ṣe iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a lójú pé iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà tó máa fi gbà á padà sílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù tó fi àyè sílẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé eyín ń dun òun. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà wo aago, ó wo Ọ̀gá Aago, ó tún padà wo aago.

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Ọ̀gá Aago yọ́ dé àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ó tẹ́tí sí ojú fèrèsé. Ariwo omi ni, àti ariwo ọmọdé.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan," ni ohùn Ìyá Kọ́là ń wí. "Ẹni tó bá ti wẹ̀, kó lọ jókòó ti ìwé ẹ̀."

Ọ̀gá Aago kà wọ́n. Ọmọ méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù, ohùn ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ilé. Ara rẹ̀ wálẹ̀. Ó yọ lẹ́tà, ó gbé e lé ara ògiri, ó sì fi ọwọ́ tó dúró ṣinṣin kọ ìdí rẹ̀ sí i: *Ó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú.* Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó wo Ọ̀gá Aago látòkè délẹ̀, ó sì yíjú sẹ́yìn pe àbúrò rẹ̀ pé, "Wá wo nǹkan, Dádì wa ni, ta ló júwe ibí fún wọn?"